Ìbàdí Shirasagi àti Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí A Kò Gbọdọ̀ Sọ

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 oṣù Karùn-ún

Oòrùn mú díẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ wá láti ojú òkun. Chinami, ọmọ mi obìnrin, mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Naoya, wá jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Ìgbéyàwó wọn di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù tí ń bọ̀, ní òtẹ́ẹ̀lì tí ó kọjú sí èbúté Shimizu. Bí ìyá rẹ̀ ti ń bu tíì ẹlẹ́ẹ̀kejì fún wa, ọmọ náà kọjú sí mi.

“Bàbá, ẹ mọ àwọn ọmọlángidi béárì méjì tí wọ́n máa ń gbé sórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà níbi ìgbéyàwó? Ọ̀kan á wọṣọ ìyàwó, ìkejì á wọ ti ọkọ.”

Mo ní mo mọ̀ wọ́n.

“Àwa ò fẹ́ béárì. Shirasagi àti Kumataka la fẹ́. Ẹ̀yin la sì fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa tò wọ́n.”

Àwọn róbọ́ọ̀tì méjèèjì yìí ni èmi àti òun máa ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ; Shirasagi funfun, Kumataka dúdú. Láti ìgbà tí ó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, kò tún bi mí ní ìbéèrè kan nípa iṣẹ́ ọwọ́ mi yìí, títo róbọ́ọ̀tì oníke láti inú páálí, èmi náà kò sì fi lọ̀ ọ́. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n báyìí.

Naoya họ orí. “Ẹ má bínú sí wa o, Bàbá. Mo gbọ́ pé Shirasagi ò sí lọ́jà mọ́ láti bí ọdún mẹ́rìnlá.”

“Kò sí lọ́jà,” ni mo wí. “Ó wà nílé.”

Ìyá Chinami kò gbé ojú kúrò lára tíì tí ó ń bù. “Mo ti mọ̀ pé ó máa wà nílé,” ni ó wí.

Mo gbà láti ṣe é. Mo kọ ọ́ síhìn-ín pé inú mi dùn, nítorí n kò jẹ́ kí ó hàn lójú mi.

Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Karùn-ún

Àwa tí a ń to ike pàdé ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gbẹ́ni Kurebayashi gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ogójì ọdún ni ó fi gbẹ́ irin tí wọ́n fi ń da irú àwọn ike wọ̀nyí kí ó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ẹni tí ó mọ ike tó o nínú àwa mẹ́rin tí a máa ń jókòó níbẹ̀. Nígbà tí mo gbé páálí Shirasagi sórí tábìlì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Ọ̀gá Ayẹ̀wò, ṣé o fẹ́ ṣí i lóòótọ́? Páálí yìí ti tó wọ girama.”

“Ọmọ mi ló fẹ́ ẹ.”

“Ó dáa. Ṣí i kí ọwọ́ rẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ṣùgbọ́n tó o bá bà á jẹ́, mi ò kó irin rẹ̀ wálé o. Má wá kanlẹ̀kùn mi.”

Nítorí iṣẹ́ mi ni ó ṣe ń pè mí ní Ọ̀gá Ayẹ̀wò. Láti ìgbà tí mo ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, ẹ̀rọ tí ń dé agolo ẹja ni mo ń yẹ̀ wò ní ilé iṣẹ́ wa, ó di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo ṣí páálí náà. Ike inú rẹ̀ ṣì funfun, kò pọ́n rúsúrúsú. Ẹ̀ka ike mẹ́tàlá, ẹ̀yà ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́rin ni ó so mọ́ wọn. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù Karùn-ún

Ìrẹsì kílò márùn-ún ti kọjá ẹgbàajì yẹ́ẹ̀nì. Ìyá Chinami ti ń po ọkà báálì mọ́ ọn. N kò ráhùn. Kumataka ti dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀dà nìkan ni ó kù.

Ọjọ́ Àìkú, 18 oṣù Karùn-ún

Mo bẹ̀rẹ̀ Shirasagi. Ike funfun kò gba àṣìṣe. Bí ẹ̀mú bá gé e súnmọ́ ara jù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ojú ibẹ̀ á ṣú bí ara tí wọ́n nà. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń gé ọ̀kọ̀ọ̀kan: ní òkèèrè lákọ̀ọ́kọ́, ní ìtòsí lẹ́yìn náà, kí n tó fi sáńpépà kàn án. Ẹ̀yà mọ́kànlélógójì lónìí. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ṣùgbọ́n kò sí àpá kan lára wọn.

Ọjọ́ Àìkú, 25 oṣù Karùn-ún

Òjò wínníwínní láti òwúrọ̀. Mo ti to Shirasagi tán fún ìgbà àkọ́kọ́, láìkun ọ̀dà, kí n lè wo bí ẹ̀yà rẹ̀ ṣe bá ara wọn mu. A kì í fi gúlù lẹ irú rẹ̀. Ńṣe ni ẹ̀yà kan ń wọ inú èkejì pinpin. Tí mo bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, mo gbọ́dọ̀ tú gbogbo rẹ̀ kí n tó kùn ún.

Chinami dé ní nǹkan bí aago méjì. Ìwé ètò ìjókòó àwọn àlejò ni ó mú wá fún ìyá rẹ̀. Mo rò pé yóò ti ibẹ̀ padà sí Hamamatsu tí ó ń gbé, ṣùgbọ́n ó wọ inú yàrá kékeré mi wá, ó fa tìmùtìmù kan, ó sì jókòó tì mí.

“Ẹ jẹ́ n wò yín díẹ̀,” ni ó wí.

Ó wo Shirasagi títí. Ó ní ó kéré ju bí òun ti rò lọ. Ó ní níbo ni àwọn ìlà dúdú tí ó wà lára rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n wà? Mo ní omi ọ̀dà dúdú ni a máa ń ta sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀dà funfun ni, ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

“Báwo ló ṣe ń rí?”

Ó yẹ kí n sọ fún un pé kí ó ní sùúrù. Mo ṣí ìgò omi dúdú náà. Mo fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan ojú ìlà kan ní itan, omi náà sì sá tẹ̀ lé ìlà náà fúnra rẹ̀ láti òkè dé orúnkún. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ó máa ń rín nígbà tí ó wà ní kékeré.

“Ẹ tún un ṣe.”

Mo tún un ṣe, ní ìbàdí.

A sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa Naoya, nípa ilé tí wọ́n ń wá. Mo gbọ́ ìró kan, tín-ín-rín, bí ìgbà tí èékánná bá ya. Mo mọ ìró náà. Mo na ọwọ́, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo Shirasagi mọ́lẹ̀.

“Aago mélòó ni ọkọ̀ ojú irin rẹ?” ni mo bi í.

“Ó ṣì ku wákàtí kan àbọ̀.”

“Ó sàn kí o máa lọ. Òjò lè pọ̀ sí i.”

Ó wo ojú mi, ó wo ọwọ́ mi lórí tábìlì. “Ó dáa, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́.” Ó dá tìmùtìmù náà padà sí ibi tí ó ti mú un.

Nígbà tí mo gbọ́ ilẹ̀kùn ìta, mo gbé ọwọ́ mi. Ìbàdí rẹ̀ ti kán sí méjì, ìdajì ṣì há sínú itan. Ogún ọdún ni mo ti ń kìlọ̀ fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí omi dúdú náà kan ibi tí ike ti fún mọ́ ike, nítorí tínà inú rẹ̀, omi tí a fi ń po ọ̀dà, á wọ ibẹ̀, á sì là á. Kò sí páálí Shirasagi mìíràn.

Ìyàwó ni Shirasagi nínú àwọn méjèèjì. N kò fẹ́ kí ìyàwó rí i pé ẹsẹ̀ ìyàwó kán.

Ọjọ́rú, 28 oṣù Karùn-ún

Chinami kò pè. Èmi náà kò pè.

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù Kẹfà

Mo gbé ẹ̀yà méjèèjì lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Kurebayashi nínú àpò kékeré. Ó dà wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́.

“Tínà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ta ló ṣe é?”

“Èmi ni.”

“Ìwọ? Ìwọ tó kọ ìkìlọ̀ yẹn ní lẹ́tà gàdàgbà sára ògiri mi?” Ó rẹ́rìn-ín títí tíì fi gba imú rẹ̀. Mo dúró kí ó rín in tán. Lẹ́yìn náà ni ó gbé awò ńlá, ó sì yẹ̀ wọ́n wò.

“Gúlù nìkan ò lè gbà á,” ni ó wí. “Á tún yẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e dúró. Lu ihò sí méjèèjì, ki wáyà idẹ bọ̀ ọ́, kó o tó fi gúlù sí i.”

Òun fúnra rẹ̀ ni ó lu ihò náà, mílímítà kan péré, nínú ike tí kò nípọn ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni; ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n.

Nígbà tí gúlù ń gbẹ, mo sọ bí ọjọ́ náà ṣe lọ fún un. “Ṣé ọmọ rẹ mọ̀?” ni ó bi mí.

“Rárá.”

“Ó ṣá mọ̀ pé o lé òun jáde.”

“N kò lé e jáde.”

“Ọmọ jókòó tì ẹ́, o ní kó lọ wọkọ̀ tí kò tíì dé. Kí lo fẹ́ ká pè é?”

Mo béèrè ìgbà tí gúlù náà yóò gbẹ.

Ọjọ́rú, 4 oṣù Kẹfà

Gúlù ti gbẹ. Mo gbé Shirasagi dúró lórí ẹsẹ̀ yẹn nìkan fún wákàtí kan, mo sì jókòó tì í pẹ̀lú aago. Kò mì.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù Kẹfà

Lẹ́tà méjì dé pọ̀. Ọ̀kan wá láti òtẹ́ẹ̀lì: wọ́n fẹ́ kí bàbá ìyàwó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì nípa bí ó ṣe ṣe àwọn róbọ́ọ̀tì náà. N kò tíì sọ̀rọ̀ níwájú àwùjọ rí, àyàfi ní ìpàdé nípa agolo tí kò dé dáadáa.

Èkejì wá láti ọ̀dọ̀ ìyá Naoya, ó kọ ọ́ pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́ púpọ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá àgbà Fumi, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ń bọ̀ láti Yaizu. Ilé apẹja ni wọ́n, wọn kì í sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣeré, yálà lórí omi tàbí níbi ìgbéyàwó. Ó bẹ̀ mí kí n má bínú, ó sì kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà kò fẹ́ gbọ́ sí ìsàlẹ̀: gé, kán, fọ́, là, ya, tú, padà, parí.

Ta ni kò mọ èèwọ̀ yìí, pé ọ̀rọ̀ tí ó ń rán ni létí ìpínyà kì í wọ ibi ìgbéyàwó? A kì í sọ níbi ìgbéyàwó pé wọ́n gé kéèkì; a máa ń sọ pé wọ́n ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ka àwọn ọ̀rọ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì rí i pé iṣẹ́ mi ni wọ́n kọ sílẹ̀, láìku ẹyọ kan.

Ọjọ́ Àìkú, 8 oṣù Kẹfà

Mo kọ ọ̀rọ̀ tí n ó sọ. Ìyá Chinami gba ìwé náà, ó sì mú bírò pupa.

“‘Mo gé ẹ̀yà ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́rin.’ Kò lọ. Ẹ ní ẹ já wọn.”

“‘Já’ burú ju ‘gé’ lọ.”

Ó rò ó wò. “Ẹ ní ẹ ká wọn, nígbà náà. Bí ẹni ká ewé tíì.”

Mo kọ “ká” sílẹ̀. Ó dára, ẹni tí ó bá ti ká ewé tíì rí yóò mọ̀ pé ìka méjì ni, pẹ̀lú sùúrù.

“‘Mo tú gbogbo rẹ̀ kí n tó kùn ún.’ Bàbá Chinami, ẹ jọ̀ọ́.”

“Kí n ní, mo fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan láyè kó dá wà?”

“Ìyẹn gan-an ni wọ́n ń pè ní ìkọ̀sílẹ̀.”

A rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí a ti jọ kọ nǹkan. Ní ìkẹyìn, a kọ ọ́ pé mo kun gbogbo wọn, a kò sì sọ bí wọ́n ṣe wà nígbà tí mo ń kùn wọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù Kẹfà

Wọ́n kéde lórí rédíò pé àsìkò òjò ti bẹ̀rẹ̀. Aago tí ń wọn ọ̀rinrin inú yàrá mi dúró lórí mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. A kò gbọdọ̀ fọ́n ọ̀dà bí ó bá kọjá ọgọ́ta.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù Kẹfà

Sùúrù mi tán. Mo kun apá òsì nìkan, mo ní bóyá. Kí n tó fọ ìbọn ọ̀dà tán, ojú rẹ̀ ti ṣú bí dígí tí ènìyàn mí sí. Mo fi sáńpépà pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Òjò kò dá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù Kẹfà

Chinami pe ìyá rẹ̀, wọ́n sì pẹ́ lórí fóònù. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ìyàwó mi wá dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi.

“Ó ní tó bá ń ni yín lára, òun ti rí béárì méjì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Hamamatsu. Ó ní kẹ́ ẹ sọ fún òun kó tó dọjọ́ ogún.”

“Kí ló dé tí ó fi rò pé ó ń ni mí lára?”

“Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ fún mi. Ọmọ náà ní òun jókòó tì yín, ẹ sì lé òun lọ.”

Mo sọ fún un. Mo fi ibi tí wáyà idẹ náà wà hàn án. Ó jókòó sórí tìmùtìmù, ó wò ó pẹ́, kò fi ọwọ́ kàn án.

“Ẹ pè é, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún un.”

“Tó bá ti dúró dáadáa.”

“Ta ni? Róbọ́ọ̀tì ni, àbí ẹ̀yin?”

Mo pe Chinami. Mo ní, “Má ra béárì.” Ó ní, “Ṣé ó ń lọ dáadáa?” Mo ní ó ń lọ. Ó ní ó dáa. N kò sọ èyí tí ó kù. Bí n kò bá rí ọjọ́ gbígbẹ kan kí ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ tó tán, béárì ni yóò dúró ní ẹnu ọ̀nà ìgbéyàwó ọmọ mi, yóò sì gbà títí ayé pé èmi ni kò fẹ́ ṣe é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù Kẹfà

Mo ti rí i lálẹ́ àná nínú ìròyìn ojú ọjọ́ pé òjò yóò dá fún ọjọ́ kan péré. Ní aago méje àárọ̀, mo pe ọ̀gá mi ní ibi iṣẹ́, mo ní mo fẹ́ gba ìsinmi.

“Ẹ̀yin, Ọ̀gbẹ́ni Suyama? Ṣé ara yín le?”

“Ara mi le. Ọ̀ràn ìdílé ni.”

“Ẹ fara balẹ̀ o. Tó bá jẹ́ ti ìsìnkú, ẹ jẹ́ ká mọ̀.”

“Ti ìgbéyàwó ni.”

Aago wà lórí mẹ́tàdínláàádọ́ta nígbà tí mo ṣí fèrèsé. Mo kùn láti aago mẹ́jọ di aago mẹ́ta, mo jẹ ìrẹsì bọ́ọ̀lù kan ní ìdúró. Funfun lẹ́ẹ̀mẹta, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ọ̀dà tí ń dán lókè. Kò ṣú. Ó ń dán bí inú ìkarahun. Ní aago márùn-ún, ìkùukùu tún bo òkè. Mo jókòó ti àwọn ẹ̀yà náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Kì í ṣe àárẹ̀ nìkan.

Ọjọ́ Àìkú, 22 oṣù Kẹfà

Mo ta omi dúdú sí ojú ìlà, lára ẹ̀yà tí mo ti tú sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sì tò wọ́n. Ìyá Chinami fi etí áńkáṣífù funfun kan rán ìbòrí ìyàwó fún Shirasagi. Ó bá ìwo orí rẹ̀ mu rẹ́gí. Kumataka gba táì kékeré. Ọ̀gbẹ́ni Kurebayashi wá wò wọ́n. Ó wo ìbàdí náà láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

“Tí kì í bá ṣe pé èmi ni mo lu ihò náà, mi ò ní mọ̀,” ni ó wí. Lẹ́nu rẹ̀, oríyìn ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 oṣù Kẹfà

Mo gbé àwọn méjèèjì lọ sí òtẹ́ẹ̀lì nínú páálí kan, lórí itan mi, nínú ọkọ̀ ojú irin. Obìnrin kan fẹ́ fún mi ní àyè láti gbé e sílẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò gbé e sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 oṣù Kẹfà

Òjò ní àárọ̀, oòrùn ní ọ̀sán. Mo fẹ́ kọ ọ́ bí ó ti rí.

Shirasagi àti Kumataka dúró lórí tábìlì ní ẹnu ọ̀nà, àwọn àlejò sì ń ya fọ́tò wọn. Ìyá àgbà Fumi tẹ̀ sórí ọ̀pá rẹ̀ níwájú wọn. Ènìyàn kékeré ni, ó wọ kìmónò dúdú. Ó bi ìyá Naoya pé èwo ni ìyàwó, nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó ní, “Èjìká rẹ̀ dáa.”

Nígbà tí ó kàn mí, ìwé mi wà lọ́wọ́ mi. Mo kà á: pé mo ká ẹ̀yà ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́rin bí ẹni ká ewé tíì, pé mo dúró de ojú ọjọ́, pé mo kun gbogbo wọn. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín músẹ́. N kò sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó wà nínú lẹ́tà náà. Mo ti fẹ́ jókòó nígbà tí obìnrin tí ń darí ètò béèrè ohun kan tí kò sí nínú ètò.

“Bàbá ìyàwó, ṣé kò sí ibi tó le díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà?”

Ìdáhùn tí ó yẹ kò le: kò sí, ayọ̀ ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo wo Chinami. Òun kò wò mí. Aṣọ tábìlì ni ó ń wò, bí ẹni tí ó ti mọ ohun tí n ó sọ. Ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, n kò tíì fọwọ́ sí ìwé àyẹ̀wò tí kì í ṣe òótọ́.

“Ìbàdí Shirasagi kán,” ni mo wí.

Àwọn ará Yaizu gbé ojú sókè. Ìyá Naoya fi ọwọ́ bo ẹnu. Obìnrin náà sáré gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. “Bàbá ń sọ pé ó... pé ó sinmi díẹ̀.”

“Kò sinmi.” Ìyá àgbà Fumi ni ó sọ bẹ́ẹ̀ láti tábìlì iwájú. “Ó ní ó kán. Etí mi ò di. Kí ló ṣe é?”

Òun ni mo kọjú sí, nítorí ó rọrùn ju kí n kọjú sí ọmọ mi lọ. “Ọmọ mi wá jókòó tì mí, Ìyá. Inú mi dùn jù, mo sì gbàgbé ohun tí mo ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn fún ogún ọdún. Nígbà tó kán, mo fi ọwọ́ bò ó, mo ní kí ọmọ náà máa lọ. Mi ò fẹ́ kó rí i.”

“Ṣé ó lè dúró báyìí?”

“Ó lè dúró. Wáyà idẹ wà nínú rẹ̀. Mo gbé e dúró lórí ẹsẹ̀ kan fún wákàtí kan.”

“Lórí ẹsẹ̀ kan.” Ó yíjú sí ọkùnrin arúgbó tí ó jókòó tì í. “Ọkọ tèmi ò lè dúró lórí méjì fún ìṣẹ́jú kan tó bá ti mu ọtí sakè.” Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti tábìlì àwọn ará Yaizu, ó sì tàn dé ẹ̀yìn. Ó dúró kí ó rọlẹ̀. “Èyí tó máa kán ti kán nílé bàbá rẹ̀. Kò tún sí ohun tó kù tó máa kán mọ́. Ẹ gbé oúnjẹ wá.”

Mo jókòó. Ìyá Chinami ti sún ife omi sí iwájú mi.

Nígbà tí tọkọtaya ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, Chinami bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi pẹ̀lú gbogbo aṣọ gígùn náà.

“Bàbá. Ọjọ́ Àìkú yẹn ni?”

“Òun ni.”

“Mo rò pé mo ń dí yín lọ́wọ́ ni.”

“Rárá.”

“Odindi oṣù kan, Bàbá.”

“Ọjọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n,” ni mo wí.

Ó gbé orí lé èjìká mi, ó ń rẹ́rìn-ín, àtíkè rẹ̀ sì kun kóòtù mi. Naoya ní kí n má ṣèyọnu, òun máa bá mi fọ̀ ọ́. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 2 oṣù Keje

Mo sùn fún wákàtí mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀mẹta léraléra.

Tọkọtaya wà ní ìrìnàjò. Ìyá àgbà Fumi ni ó gbé àwọn róbọ́ọ̀tì náà lọ sí Yaizu, ó ní òun ń tọ́jú wọn de àwọn ọmọ. Ó pè mí fúnra rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ó fẹ́ mọ bí òun ṣe lè gbé apá Shirasagi sókè, kí ó lè dà bí ẹni tí ń kí àwọn ọkọ̀ ojú omi láti ojú fèrèsé. Mo ṣàlàyé. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó gbìyànjú, ó tún gbé e. A wà lórí ọ̀rọ̀ náà fún ogójì ìṣẹ́jú. N kò rántí ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí fóònù rí.

“Àwọn tó kù ńkọ́?” ni ó bi mí. “Ẹni tó lè tọ́jú èyí fún ọdún mẹ́rìnlá, kì í ṣe ọ̀kan ló ní.”

“Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún,” ni mo wí.

“Páálí?”

“Páálí.”

N kò tíì sọ iye náà fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ìyàwó mi. Ìyá Chinami wà nídìí omi, ó ń fọ abọ́. Mo gbọ́ tí abọ́ náà dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ó sì pè mí pé kí n wá jẹun, ẹja ti ń tutù.